Ìdájí tiyín: bí ẹ ṣe lè ní ìsìn ara ẹni tí kò ní kú lọ́jọ́ kẹjọ

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí, wọ́n ti tan àbẹ́là, ìwé tuntun ti wà lórí tábìlì, wọ́n ti tẹ́ ẹní. Ọjọ́ kejì ṣì dùn. Lọ́jọ́ kẹta, NEPA mú iná lọ, ẹ̀fọn ò jẹ́ kí wọ́n fojú ba oorun. Lọ́jọ́ karùn-ún, ara ọmọ gbóná mọ́jú. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ tí à ń sọ ọmọ lórúkọ, ìsìn tiwọn ti kú, àbẹ́là sì ti di ohun tí wọ́n fi ń wá bàtà nígbà tí iná bá lọ.

Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí èmi náà ti sin mẹ́rin irú rẹ̀. Èyí karùn-ún ló yè, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Kì í ṣe pé mo di ẹni mímọ́ o, ẹ bi àwọn ará ilé mi. Mo kàn gé e kúrú ni, mo sì lo ohun tí mo bá nílé, mo fi èyí tí mo rí lórí fóònù sílẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, pẹ̀lú ibi tí mo ti ṣubú, kí ẹ lè gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá.

Mi ò ní yan ẹ̀sìn fún ẹnikẹ́ni. Onígbàgbọ́, mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe ló kún ìdílé tiwa, gbogbo wa la sì jọ ń jẹ ìrẹsì ọdún ara wa. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè lo ìlànà yìí.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Àyè kan tí kò ju ẹní kan lọ. Tèmi wà láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti fèrèsé, níbi tí mo ti máa ń lọ aṣọ tẹ́lẹ̀.
- Ife omi kan.
- Aago kékeré tí ń dún, irú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà tó ń lo bátìrì kan. Fóònù ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Màá sọ ìdí rẹ̀ níwájú.
- Ìwé kékeré kan àti bírò.
- Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má sọ ọ́ di wákàtí kan.
- Ohun kan ṣoṣo láti inú ẹ̀sìn yín: sáàmù kan, tẹ̀sùbáà, tàbí ọ̀rọ̀ ìjúbà tí ẹ mọ̀.

Ẹ ò nílò tùràrí, ẹ ò nílò aṣọ funfun tuntun, ẹ ò sì nílò ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń gba owó rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń ra nǹkan, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ lẹ ń sún síwájú yẹn.

1. Ẹ wá ohun tó ti wà nínú yín tẹ́lẹ̀

Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo dàgbà sí, n'Ísẹ́yìn. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n. Láràárọ̀, kí wọ́n tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, wọ́n á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á fi omi inú ife yọnu, wọ́n á tu ú sínú póò. Wọ́n á wá fi ọwọ́ méjèèjì di orí wọn mú bí ẹni di igbá mú. "Orí mi, má jẹ̀ẹ́ n ṣìwà hù lónìí." Ẹ̀yìn ìyẹn ni Sáàmù 121, ẹsẹ mẹ́jọ péré, láti orí. Wọn kì í ṣí Bíbélì. Bí mo bá kí wọn kí wọ́n tó parí, ìka ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Gbogbo rẹ̀ kì í pẹ́ tó ìgbà tí omi ẹ̀kọ á fi hó. Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọdún àti ìsìn mẹ́rin tó kú kí n tó mọ̀ pé ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé yín, kí ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta. Nígbà tí ẹ wà ní kékeré, àgbà wo lẹ máa ń rí tó ń ṣe nǹkan kan kó tó bá èèyàn sọ̀rọ̀ láàárọ̀, kí ló sì ń ṣe? Bí táyà bá bẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ wo ló ń jáde lẹ́nu yín kí ẹ tó ronú: "Jésù!" ni, àbí "Subhánalláàhì," àbí "Yéè, orí ìyá mi o"? Ìgbà wo sì ni ọkàn yín balẹ̀ kẹ́yìn láìjẹ́ pé owó wọlé? Ìbéèrè kejì ni kí ẹ dúró tì jù. Ibi tí ẹnu bá sá sí nígbà ìpayà, ibẹ̀ ni gbòǹgbò wà.

Ẹ ṣọ́ra: Ìkẹta nínú àwọn tó kú mọ́ mi lọ́wọ́, orí YouTube ni mo ti kọ́ ọ. Mo ká ẹsẹ̀ lé ara wọn, mo ń ka èémí. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀, àwọn ará Íńdíà tó ni ín mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Àmọ́ orúnkún ń dùn mí, gbogbo ohun tí mo sì ń rò ni bóyá mo ń mí bó ṣe yẹ. Ti ìkejì tiẹ̀ burú jù: sáàmù, èémí kíkà, àbẹ́là aláwọ̀ méje àti àwẹ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo kó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo; mẹ́rin ni èmi ń lé.

Àyẹ̀wò: Bí ẹnì kan bá jí yín láago méjì òru, ṣé ẹ lè sọ ọ̀rọ̀ náà láìṣí ìwé? Bí ẹ bá lè sọ ọ́, ẹ ti yan èyí tó yẹ. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, ẹ dín in kù títí ẹ ó fi lè sọ ọ́.

2. Ẹ gé e kúrú

Bí mo ṣe pín ìṣẹ́jú mẹ́wàá mi rèé: kan fún omi àti ẹnu yíyọ, mẹ́ta fún ìdákẹ́jẹ́, mẹ́rin fún ọ̀rọ̀, méjì fún ìwé. Ohun tó wọ inú mẹ́rin ti ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì.

Onígbàgbọ́: sáàmù kan, kí ẹ kà á fún ọjọ́ méje láìyí i padà. Ọ̀pọ̀ máa ń fẹ́ ka gbogbo 150 tán lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n á ń sáré bọ̀ títí wọ́n á fi kan Sáàmù 119, tó ní ẹsẹ 176, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn sí. Matteu 6:6 sì ní kí ẹ wọ yàrá kí ẹ ti ilẹ̀kùn. Kò sọ pé kí aládùúgbò gbọ́.

Mùsùlùmí: ìrun Àsùbáà ti wà nílẹ̀, dandan ni, ẹ má wá àkókò mìíràn kiri. Bí ẹ bá ti sàlámà, ẹ má dìde. "Subhánalláàhì" 33, "Alhamdulilláàhì" 33, "Alláàhù Akbar" 34, ó pé ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá ń sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ẹ ò kà á bí ẹni ń ka ṣéńjì fún ọlọ́kadà, ó gba bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó wà nínú hàdíìsì Bukhari àti Muslim pé iṣẹ́ tí Ọlọ́run fẹ́ràn jù ni èyí tó ń lọ déédéé, bó tilẹ̀ kéré. Ẹ̀yin obìnrin, nígbà tí nǹkan oṣù bá dé, ìrun ló kúrò lọ́rùn yín, ìrántí Ọlọ́run ò kúrò. Ẹ jókòó sí àyè yín, kí ẹ fa tẹ̀sùbáà yín. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ti ń sọ ọ́ nù: ọ̀sẹ̀ kan kọjá, wọn ò padà mọ́.

Oníṣẹ̀ṣe: omi tútù, ìjúbà, kí ẹ bá orí yín sọ̀rọ̀, ó parí. Obì kì í ṣe ti ojoojúmọ́. Obì abàtà aláwẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń dà, gbànja aláwẹ́ méjì ò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìbéèrè sì ni obì dídà. Ẹni tó bá ń béèrè láràárọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò máa da á títí tí yóò fi yàn fún un. Bí ojoojúmọ́ bá nira, ẹ tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ òrìṣà yín: ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Awo, ọjọ́ Ògún, ọjọ́ Jàkúta. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yí. Àwọn àgbà tó ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn ló ń pè é ní ọrún.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ má jẹ́ kí àìsí nǹkan kan dá yín dúró. Ní Cuba, àgbọn tí wọ́n gé sí mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ obì, nǹkan náà ò sì bàjẹ́. Ní Brazil, "bori" ni wọ́n ṣì ń pe ìbọrí di òní. Ìdájí nìkan ni kí ẹ tún rò. Ní London, ó di nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ kí oòrùn tó yọ nínú oṣù Kejìlá. Nínú oṣù Kẹfà, aago márùn-ún ò tíì lù tó ti yọ. Àfi ẹ̀yin tí ìrun ti dá àkókò fún, ẹ má so ó mọ́ oòrùn. Ẹ so ó mọ́ ìgbà tí ẹ ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Àyẹ̀wò: Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí kò síná, tí ẹ sì ti pẹ́ jí. Bó bá wọ inú ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú òkùnkùn, ó kúrú tó.

3. Ẹ gbé fóònù kúrò ní yàrá

Ohun tó pa ìsìn mi àkọ́kọ́ kò ju ìka kan lọ. Fóònù ló jí mi. Mo na ìka pé kí n pa á, mo rí i pé ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínláàádọ́ta ni wọ́n ti kọ sórí WhatsApp ìdílé. Aṣọ ẹbí ìsìnkú bàbá àgbà kan ni wọ́n ń jà lé lórí láti òru, wọ́n sì ti dárúkọ mi. Nígbà tí màá fi gbójú sókè, aago mẹ́fà ààbọ̀ ti lù, inú ti bí mi, mo ti fèsì lẹ́ẹ̀mẹta.

Pálọ̀ ni kí fóònù máa sùn. Kí ẹ wá so ìsìn náà mọ́ nǹkan tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́ láìrò ó. Ẹnu yíyọ ni tèmi. Bí mo bá ti yọnu, mo jókòó nìyẹn, mi ò wo aago mọ́.

Bí ẹ bá ń bá ọkọ tàbí aya àti ọmọ pín yàrá kan, ẹ kọjú sí ògiri, kí ẹ sì ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé bí wọ́n bá rí yín níbẹ̀, ẹ ò bá wọn jà, ẹ máa dáhùn láìpẹ́. Ẹ má dúró de ìdákẹ́jẹ́ àdúgbò. Lọ́dọ̀ wa, jẹnẹrétọ̀ wà lápá ọ̀tún, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ kan wà lápá òsì, àkùkọ onílé wà láàárín. Kò sí èyí tó máa dákẹ́ nítorí yín.

Àyẹ̀wò: ọjọ́ mẹ́ta léraléra tí ọwọ́ yín kan omi kó tó kan fóònù. Bí kò bá tíì pé mẹ́ta, ẹ má tíì lọ sí èyí tó kàn.

4. Ìdákẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀

Ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí ló le jù nínú gbogbo rẹ̀, òun náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò. Àdúrà ò ṣòro fún wa, ẹnu wa yá. Kí á dákẹ́ ni wàhálà.

Ẹ jókòó sórí àga tàbí lórí ẹní, kí ẹ̀yìn nà, kí ọwọ́ wà lórí itan. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí ẹ yàn: "Olúwa," "Alláàhù," "Orí mi." Ẹ sọ ọ́ sínú lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dákẹ́. Kò ní pẹ́ rárá tí owó ilé ìwé á fi dé. Gbèsè ẹlẹ́ja á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà lọ̀rọ̀ tí ọ̀gá sọ lọ́fíìsì lọ́sẹ̀ tó kọjá, èsì tó yẹ kí ẹ fún un lọ́jọ́ náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa dé, gbankọgbì.

Ẹ má lé wọn. Ẹ ṣe bí ẹni tó jókòó síwájú ilé nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ń kọjá, ẹ ó kí i, "ẹ kú ìrìn o," ẹ ò ní dìde tẹ̀ lé e délé. Ẹ pe èrò náà lórúkọ lẹ́ẹ̀kan, "owó ilé ìwé," kí ẹ tún sọ ọ̀rọ̀ yín, kí ẹ dákẹ́. Ó lè tó ogún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bó ṣe ń rí nìyẹn.

Bí oorun bá ń gbé yín, ẹ lajú, kí ẹ wo ife omi. Oṣù kan wà tí mi ò ṣe ju kí n máa wo bí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ṣe ń wọ inú omi náà láti etí ife, díẹ̀díẹ̀, títí ìdí ife á fi mọ́.

Ẹ ṣọ́ra: Nígbà mìíràn, ìdákẹ́jẹ́ máa ń hú ohun tí a ti sin. Ẹkún kì í ṣe nǹkan kan. Àmọ́ bí ìrántí kan bá ń padà wá ṣáá, tí àyà ń já, tí ẹ ò lè sùn tàbí tí ẹ ò lè ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dá ìdákẹ́jẹ́ dúró. Ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yín sókè, tàbí kí ẹ máa rìn, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Orúkọ Àrò la fi ń bú ara wa nílẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ilé ìwòsàn ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé níbẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní àwọn ọdún 1950, bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹbí aláìsàn sì ń bá a gbé lábúlé nígbà ìtọ́jú. Ẹni tó bá ní kí ẹ yan ọ̀kan nínú dókítà àti Ọlọ́run, kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ẹ má sì tìtorí àwẹ̀ pa òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà tì. Bí ẹnì kan bá sì ní òun rí ìran nípa ìsìn yín, tó wá dárúkọ iye owó kan, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Àyẹ̀wò: Ẹ má wá bí ara ṣe rí. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ padà? Bí ọkàn bá lọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí ẹ mú un padà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹ jókòó tí ẹ ń ṣètò ọjà títí aago fi dún ni kò ṣiṣẹ́.

5. Ìlà kan lálẹ́

Ìṣẹ́jú méjì ti ìwé, mo gbé e sí alẹ́ nígbà tó yá, ó sì dára jù bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo: ibi tí mo ti ṣìwà hù, tàbí ibi tí mo ti kó ara mi níjàánu. Díẹ̀ nínú tèmi rèé:

"Ọjọ́ 3. Mo jágbe mọ́ ọmọ nítorí ṣúgà tó dà sílẹ̀."

"Ọjọ́ 9. Ọlọ́kadà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi ní Mọ́kọ́lá. Mi ò bú u. Mo bú u nínú."

"Ọjọ́ 10. Kò sí nǹkan kan. Oorun."

"Ọjọ́ 22. Ọ̀gá tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní 'mo gbọ́, sà.' Mo délé, mi ò rántí rẹ̀ àfi ìgbà tí mo ṣí ìwé yìí."

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò rí ìran, ara mi ò bù máṣọ, ẹsẹ̀ mi kàn kú ni.

Ẹ ṣọ́ra: Ẹ má sọ ìwé náà di ilé ẹjọ́. Bó bá ti di ojú ewé kan, ẹlòmíràn lẹ ń fẹjọ́ ẹ̀ sùn yẹn. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún ará ilé lọ́jọ́ kẹrin. Ìwà nìkan ló ṣòro, àwọn gan-an ló sì ń rí tiyín.

Àyẹ̀wò: Nígbà tó bá pé ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ bi ẹni tí ẹ jọ ń gbé bóyá ó rí ìyípadà kankan lára yín. Ẹ má sọ ìdí. Ọkọ mi ro ó díẹ̀, ó ní, "O máa ń jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán báyìí." Ó kù díẹ̀ kí n já a lẹ́nu gbà pé mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

6. Ọjọ́ tó bá bọ́

Ọjọ́ kan á bọ́. Ìrìnàjò á wà, ibà á wà, àlejò á sùn sí àyè yín. Ẹ má san án padà, ẹ má fi ogún ìṣẹ́jú di mẹ́wàá tó lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà kékeré kan wà: ẹ yọnu, ẹ fọwọ́ kan orí, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mo ti ṣe é nínú mọ́tò ní Òjòó rí, kọ̀ńdọ́kítọ̀ rò pé orí ló ń fọ́ mi. Bí ọjọ́ kan bá bọ́, ẹ má jẹ́ kí èkejì tẹ̀ lé e.

Ẹ má fi nǹkan kan kún un kó tó pé ogójì ọjọ́. Bí ìkẹrin mi ṣe kú nìyẹn: ó dùn mọ́ mi lọ́jọ́ kejìlá, mo sọ ọ́ di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ kẹrìndínlógún ni mo ṣe é kẹ́yìn. Bó bá wá pé ogójì, nǹkan kan péré ni kí ẹ fi kún un. Tèmi ni pé ìdákẹ́jẹ́ kúrò ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó di márùn-ún. Ibẹ̀ ló ṣì wà títí di òní.

Àyẹ̀wò: Ẹ ṣí ìwé alẹ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí àlàfo tó gùn jù níbẹ̀ kò bá ju ọjọ́ kan lọ, ó ti ta gbòǹgbò.

Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn: ẹ gbé fóònù lọ sí pálọ̀, ẹ yí aago sí ìgbà tí ẹ fẹ́ jí, ẹ bu omi sínú ife kí ẹ gbé e sí àyè yín. Ẹ fi àwo dé e o, nítorí aáyán.